Kóòṣì Tó Ń Ti Aladja Wá

Lọ́dún tí ìjà Warri gbóná jù lọ, iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe ní èbúté, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ojú omi kò wá mọ́. Ọkọ̀ tí kò bá gúnlẹ̀, kò sí ìwé tí èèyàn fẹ́ kọ lé e lórí. Síbẹ̀, wọ́n ní ká máa wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Báyìí ni èmi àtàwọn tí a jọ wà ní ọ́fíìsì ṣe sọ oúnjẹ jíjẹ diṣẹ́. Ní aago mẹ́sàn-án, ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Ní aago mọ́kànlá, gúgúrú àti ẹ̀pà. Tó bá di ọ̀sán, a ó ránṣẹ́ lọ ra sítáàṣì àti ọbẹ̀ báńgà, a ó jẹ ẹ́ tán, a ó wá máa sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a ó jẹ lọ́la. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Kí ọdún tó yí po, ikùn mi ti ń ṣáájú mi wọlé.

Nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi nílé ìwòsàn wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n, ó wá wò mí bí ẹni tó ń wo ilé tó fẹ́ wó. Ó ní kí n wọlé lọ bá dókítà. Agùnbánirọ̀ ni dókítà náà, ọmọ Ìbàdàn, ojú rẹ̀ ṣì tutù.

"Ẹ máa lo oògùn yìí láràárọ̀, sà," ló wí. "Ẹ dín iyọ̀ kù. Kí ẹ sì máa sáré díẹ̀díẹ̀ ní ìdájí."

Mo gba oògùn náà, mo fi sínú dúrọ́ọ̀. Eré sísá yẹn ló wù mí, torí mo rò pé bí mo bá ti lè sáré, kò sí ìdí tí màá fi máa gbé oògùn mì. Ohun tí dókítà kò sọ fún mi, torí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni, ni pé ní Warri ìgbà yẹn, èèyàn kì í sáré lásán.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ ṣòkòtò péńpé funfun kan tó ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo jẹ́ àpọ́n, mo jáde nílé wa ní Okere. Ṣòkòtò náà fún mọ́ mi débi pé ìgbésẹ̀ kéékèèké ni mo lè gbé. Mò ń sáré bíi pẹ́pẹ́yẹ tó pẹ́ dé ìpàdé. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn ọlọ́jà ti ń pàtẹ, ajá kan tó sùn sábẹ́ tábìlì ẹlẹ́ran dìde, ó tẹ̀ lé mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo fi kún eré. Mo tún bojú wẹ̀yìn. Bóyá ojú mi ló dà bí ojú ẹni tó ti rí nǹkan, n kò mọ̀. Obìnrin kan tó ń to tòmátò wò mí, ó wo ibi tí mo ti ń bọ̀, kò bi mí ní ohunkóhun. Ó fa ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sá. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sá. Ọlọ́kadà mẹ́ta yí orí ọ̀kadà padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà, gbàgà, gbàgà, láti òkè títí dé ìsàlẹ̀ òpópónà.

Èmi náà wá rí i pé gbogbo ayé ń sáré. Mo ní, "Ó ti dé nìyí o!" Mo gbàgbé ajá, mo gbàgbé dókítà, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ bí n kò ṣe sáré rí láyé mi. Ẹnìkan nawọ́ fà mí wọ inú ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Àwa mọ́kànlá la wà nínú òkùnkùn yẹn, láàárín àpò gààrí àti páálí mílíìkì, fún bíi wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró ìbọn. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan béèrè pé ta ló tiẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí àwọn oníjà náà. Obìnrin kan dá a lóhùn láti kọ̀rọ̀.

"Na one fat man wey wear white knicker. Na him first see dem."

"Wetin him talk?"

"Him no talk anything. But if you see as him face be!"

Mo rọra fa àpò gààrí kan mọ́ra, mo gbé e lé itan mi méjèèjì. Mo ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọkùnrin yẹn níbikíbi tó bá wà. Gbogbo wọn ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo sọ fún obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù pé òtútù ń mú mi, ó yá mi ní ìró kan, mo ró o délé.

Ìyàwó mi, tó jẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dádì, ẹ̀yin nìkan lẹ tú ọjà Okere ká!"

"Ajá ni," mo wí.

"Ẹ ò gbọdọ̀ sáré níta mọ́. Wọ́n á yìnbọn lù yín, tàbí kí ẹ̀yin kó jìnnìjìnnì bá ẹni ẹlẹ́ni." Ó nu ojú. "Obìnrin kan wà níléèwé wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá. Látìgbà tí ìjà ti jẹ́ kí wọ́n ti iléèwé pa, kò rí ẹni tí yóò máa pariwo mọ́. Ẹ jẹ́ kó wá máa pariwo mọ́ yín nínú ọgbà níbí."

Mo ti ń retí òmìrán obìnrin. Ẹni tó wọlé lọ́jọ́ kejì kò ga ju èjìká mi lọ. Ọmọ Urhobo ni, bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, Aladja ló ń gbé. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó kọjá lórí afárá Udu ló wọ̀, fèrè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Ó rìn yí mi ká bí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù. Ó bi mí ní ohun tí mò ń jẹ lóòjọ́. Mo sọ ìdajì fún un.

"Ehn," ló wí. "And the remaining half?"

Ẹ̀yìnkùlé wa, láàárín kànga àti okùn tí a ń sá aṣọ lé, la ti ń ṣe é. Kò sí irinṣẹ́ kankan ju agolo ọ̀dà méjì tí a rọ kọnkéré kún, tí irin kan so pọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní agolo nínú rárá. Ó ní kí n dojú bolẹ̀, kí n na gbọọrọ, kí n máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ara mi sókè. Mo ti ṣe mẹ́fà, mo ń mí bí ẹṣin, ni ìyá ìyàwó mi bá jáde wá. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa kí ìjà tó dá wọn dúró. Wọ́n rí àna wọn tó na gbalaja síwájú ọmọdébìnrin kan tó fi fèrè kọ́rùn.

"Ọkọ mi, kí lẹ ṣe fún un?"

"Kò sí nǹkan, Mọ́mì. Eré ìdárayá ni."

"Èwo ni eré níbẹ̀? Àgbàlagbà ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà fún ọmọdé, ọmọ ò sì tíì ní ó tó!"

Kóòṣì béèrè ohun tí Màmá wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tell Mama say e never do. E remain four."

Kí n tó mọ obìnrin yìí, mo rò pé ohun tí kóòṣì wà fún ni kó sọ fún èèyàn pé kó fò, kó fò. Mo lè sọ ìyẹn fún ara mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń dá lóṣòó, tí mò ń dá fò, bí mo ṣe máa ń ka iye rèé: mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ. Lójú Kóòṣì, bí orúnkún mi kò bá tẹ̀ dáadáa ní méje, yóò tún pe méje. Mo ti wà lórí méje fún ìṣẹ́jú mẹ́ta rí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u ní Yorùbá, mo sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ó kàn ń wo orúnkún mi ni, ó ń sọ pé, "Seven."

Òun ló sì rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo máa ń gbé ara lé. Ọ̀kadà kan ti gbé mi ṣubú lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn, èmi gan-an ti gbàgbé, ìyàwó mi kò sì mọ̀ pé mò ń tiro. Kóòṣì yí iṣẹ́ padà nítorí orúnkún òsì yẹn, ó ń rọra fún un lágbára díẹ̀díẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti fojú sílẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń wo ìwé. Nílé, wọ́n ń wo ọwọ́ mi bóyá mo ra búrẹ́dì bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń gbé agolo kọnkéré lọ́wọ́ ni ó fun fèrè, ó ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ọ̀gá, how your head?"

"Fine."

"No lie for me."

Orí ń fọ́ mi látàná. Ó yí sí ìyàwó mi tó ń sá aṣọ, ó ní kó jọ̀ọ́ bá òun mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Ọ̀gá wá. Ìyàwó mi mú un jáde látinú dúrọ́ọ̀. Méjì péré ló dín níbẹ̀. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

"Dádì, ẹ ní ẹ ń lò ó."

Kóòṣì jókòó létí kànga. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kò lágbára, Píjìn ni, ṣùgbọ́n ohun tó wí nìyí: bàbá òun náà fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tìmùtìmù. Ìgbà tí wọ́n ń kó ẹrù yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n rí i, ó pé pérépéré. Ó ní òun kò ti Aladja wá láti máa kọ́ òkú ní eré. Ó dìde, ó gba àpò rẹ̀. Mo bá wọn méjèèjì dá ara mi lẹ́bi, mo bẹ̀bẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó ṣe ohunkóhun, màá gbé oògùn mì níṣojú rẹ̀, màá la ẹnu, màá gbé ahọ́n sókè, kó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ìyá ìyàwó mi máa ń jáde wá wo ìyẹn nìkan.

Ọ̀sẹ̀ keje ni ìjà tún bẹ́. Àárọ̀ Sátidé ni, Kóòṣì wà lọ́dọ̀ wa. Èéfín kọ́kọ́ yọ lọ́nà odò, ìbọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kì í ṣe lẹ́yọ lẹ́yọ. Wọ́n dí afárá, kò sí bí yóò ṣe padà sí Aladja. A kó ara wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé, níbi tí kò sí fèrèsé, àwa mẹ́rin: èmi, ìyàwó mi, ìyá rẹ̀ àti Kóòṣì. Ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀.

Màá sọ òtítọ́: èmi lẹ̀rù bà jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, nǹkan kan bú gbàù nítòsí wa, erùpẹ̀ já bọ́ láti òkè àjà, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èémí mi kò dé ìsàlẹ̀ mọ́. Mo rò pé ohun tí nọ́ọ̀sì rí ló dé yẹn. Kóòṣì fà mí jókòó, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ń kà sí mi létí: fa á sínú ní mẹ́rin, tú u jáde ní mẹ́fà. Ìbọn tún dún, mo fẹ́ dìde. Ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀.

"Count me. No count gun."

Mo ka òun. Mẹ́rin, mẹ́fà. Mẹ́rin, mẹ́fà. Nígbà tí ara mi rọlẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ tó wà lẹ́yìn mi náà ń gbọ̀n. Ìyá Kóòṣì nìkan ló wà nílé ní Aladja, kò sì sí fóònù tí a lè fi béèrè. Ó ń kà fún èmi, ó ń kà fún ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jí gbogbo wa láago mẹ́fà, ó ní a kò gbọdọ̀ jókòó máa retí ìbọn. Ó fún ìyàwó mi ní okùn tí àwọn ọmọdé fi ń fò. Ó kó agolo mílíìkì méjì fún ìyá ìyàwó mi kí wọ́n máa gbé e sókè sódò. Ìyẹn kò le fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ tiwọn tẹ́lẹ̀.

"Mi ò ní dọ̀bálẹ̀ o. Obìnrin ni mí. Kíkúnlẹ̀ ni tèmi."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Kóòṣì ronú sí i bí ọ̀rọ̀ pàtàkì, ó gbé àga kan síwájú wọn, ó ní kí Màmá di àga mú, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dìde, ìgbà mẹ́wàá. Wọ́n ṣe méjìlá. Wọ́n ní méjì tó lé yẹn fún un ni, kó má bàa sọ pé àwọn ò bọ̀wọ̀ fún òun. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ló ń jí wa.

Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n kéde pé a lè jáde ra oúnjẹ, ṣùgbọ́n kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, kí olúkúlùkù ti wà nílé. Èmi àti Kóòṣì lọ sí ọjà Pessu. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé gbogbo Warri ló gbàgbé gààrí sílé. Níbi tí a ti ń ná ẹja gbígbẹ, Kóòṣì rí obìnrin kan tí ilé wọn súnmọ́ra ní Aladja, tó gba orí afárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wá. Obìnrin náà ní ara ìyá rẹ̀ le, pé àná pàápàá ló bá òun jà lórí igi ìdáná. Kóòṣì jókòó sórí àpò iyọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sunkún. Mo dúró tì í pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́, n kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún un: mẹ́rin, mẹ́fà. Ó ní kí n panu mọ́. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Ẹkún yẹn ló mú ká pẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá lórí aago mẹ́fà nígbà tí a dé ibi tí àwọn ṣọ́jà dí ọ̀nà sí. Bí èèyàn méjìlá ti wà létí títì, wọ́n di etí mú, wọ́n ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ṣọ́jà kan nawọ́ sí mi.

"You, big man! Join dem. Your madam too."

A gbé gààrí kalẹ̀. Mo lóṣòó, mo di etí mú, mo fò. Mo tún fò. Mo rí i pé kò dùn mí. Òsùnwọ̀n ìyà tí ṣọ́jà yìí ní, Kóòṣì ti fi jẹ mí bí oúnjẹ àárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje. Mo fo ọkùnrin kan tó wọ ṣúùtì kọjá, mo fo àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó ti ń kérora kọjá. Ẹ̀yìn mi ni Kóòṣì wà, kò sì lè gbójú fo ohun tó ń rí. Ó ń sọ fún ẹni tó wọ ṣúùtì pé kó yé fi ẹ̀yìn gbé ara rẹ̀, kó tẹ orúnkún, kó gbé àyà sókè.

Ṣọ́jà náà sún mọ́ wa. "Who be the commander here? Me abi you?"

"Sir, im go break im waist," ló dáhùn, láì dẹ́kun fífò.

Ṣọ́jà náà wo ọkùnrin oníṣúùtì, ó wo èmi. Ó bi mí ní ọjọ́ orí mi. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí bẹ́líìtì kò yí ikùn rẹ̀ ká mọ́, ó ní kó wá wo Bàbá. Ìyẹn wá, ó wò, inú rẹ̀ kò dùn. Wọ́n ní ká gbé ẹrù wa, ká máa lọ. A ti rìn díẹ̀ kí Kóòṣì tó sọ pé fífò kẹjọ mi kò dáa.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó tún un wọ̀n, torí kò gbà á gbọ́. Dókítà dín oògùn kù, kò ní kí n dá a dúró, Kóòṣì sì ní bí mo bá dá a dúró òun á gbọ́. Bẹ́líìtì mi wọ ihò mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá ìyàwó mi padà sí Ìjẹ̀bú, a sì gbọ́ pé wọ́n ti ń mú àwọn ìyá ìjọ wọn kúnlẹ̀ dìde lórí àga láràárọ̀.

Nígbà tí iléèwé ṣí, wọ́n gbé Kóòṣì lọ sí ìlú mìíràn tó jìnnà. Àárọ̀ tó gbẹ̀yìn, mo ti múra ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sílẹ̀. Kò fún mi láyè, ó ní kí n kọ́kọ́ ṣe ogún. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, n kò ní èémí tí màá fi dúpẹ́, ó sì ti gbé àpò kọ́ èjìká.

Mo gbìyànjú kóòṣì mìíràn. Ọkùnrin kan ni, ní òtẹ́ẹ̀lì kan, apá rẹ̀ tó itan mi. Dígí ńlá wà lára ògiri níbẹ̀, àwòrán ara rẹ̀ nínú dígí yẹn ló sì ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe èmi. Mo lè fò ní ìgbà mẹ́ta, kí n sọ fún un pé mẹ́wàá ni, á ní, "Correct!" Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo kọ lẹ́tà sí Kóòṣì, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù kan. Ìlà mọ́kàndínlógún ni. Ó fi ìlà kan kí mi, ó fi ìlà kan béèrè ìyàwó mi àti Màmá. Iṣẹ́ ìdárayá tí màá máa ṣe ló kún ìyókù.